Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Odò Jọ̀lọ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú un, sà," ni Ìyàtọ̀ wí, ó sì fi apá bo ìwé ńlá náà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì, bí ọmọ ilé-ìwé tí kò fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ wo iṣẹ́ òun.

Ọ̀gá Póìntì fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Kí ló dé? Ìwé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, o ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán, o wá ń ṣe bí adìyẹ tó ń sàba. Àwọn tó fẹ́ kọ́ afárá ń dúró dè wá o. Ọ̀la ni mo bá wọn ṣèlérí."

"Ọ̀la náà ni, sà. Ó ku ibì kan tí mo fẹ́ tún wò."

"Ibì kan ní póìntì mélòó?"

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ọ̀gá Póìntì. Bí o bá sọ fún un pé o sùn fún wákàtí mẹ́fà, yóò bi ọ́ pé mẹ́fà géérégé ni àbí mẹ́fà póìntì nǹkan. Òun náà ló sọ obìnrin yìí ní Ìyàtọ̀, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ẹni tó ń pín tíì nínú ọ́fíìsì kò mọ èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́.

"Kò ní pẹ́, sà."

"Ó dáa. Fọ́tò bàbá ẹ ti dé láti ọ̀dọ̀ onífọ́tò. Wọ́n fi táì sí i lọ́rùn. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin yẹn lọ́rùn, gbogbo ìgbà ló ń tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, káfíńtà kan ń lu ìṣó mọ́ ògiri níbi tí wọ́n máa gbé fọ́tò náà kọ́ sí lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ti kọ ohun tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: *Olùka-odò wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò pa ọjọ́ kan jẹ.*

Ìyàtọ̀ gbé apá kúrò lórí ìwé.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Ní àràárọ̀, olùka-odò kan a lọ síbi òpó tí wọ́n rì sínú omi, tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sẹ̀ǹtímítà sí lára, a wo ibi tí omi dé, a kọ ọ́ sínú ìwé. Kí àwọn nọ́ńbà náà tó wọ inú kọ̀ǹpútà, Ìyàtọ̀ ni yóò yẹ̀ wọ́n wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Yóò kọ wọ́n sílẹ̀ ní òòró, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Yóò yọ ti àná kúrò nínú ti òní, yóò kọ ohun tó kù sí ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ kìíní. Yóò tún yọ àwọn ìyàtọ̀ yẹn lára ara wọn, ìyẹn ni ìyàtọ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀kẹta. Bí olùka-odò bá ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ, kò lè sá pamọ́ sínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kan á di méjì ní ìlà kìíní, á di mẹ́ta ní ìlà kejì, mẹ́rin ní ẹ̀kẹta, á sì máa tóbi sí i bó ṣe ń lọ. Epo tó kán sí aṣọ funfun ni: ẹ̀kán kan ṣoṣo ló kán, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ràn.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ó rí bí ogójì nínú ìwé bàbá rẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ogójì kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun tó bá pàdé láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe àṣìṣe. Àṣìṣe kò sí níbẹ̀ rárá, ohun tó sì dẹ́rù bà á nìyẹn.

Omi wà ní 214 lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn rẹ̀: 223, 231, 238, 244, 249, 253, 256, 258, 259, 259, 258. Ó yọ wọ́n. Mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, méje, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, òdo, ó wá dín ọ̀kan. Ní ìlà kejì, dín ọ̀kan, dín ọ̀kan, dín ọ̀kan, títí dé ìsàlẹ̀. Ní ìlà kẹta, òdo mẹ́sàn-án tò lé ara wọn bí ẹyin nínú àwo.

Odò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ti wo odò yìí nínú ìwé fún oṣù mẹ́rin, ó sì mọ ìwà rẹ̀: á fò sókè, á dà wálẹ̀, òjò á rọ̀ lókè kó fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ kejì rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún lónìí, kó dín mọ́kànlélógún lọ́la. Kò sí odò tí ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn. Ẹnì kan ló jókòó síbì kan tó ṣe àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí.

Òfin ilé iṣẹ́ omi fàyè gbà á. Bí olùka-odò kò bá ráyè dé ibi òpó, ó lè fi ìṣirò dí àlàfo náà, wọ́n tilẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n báírò pupa ni kó fi kọ ọ́, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Báírò búlúù ni bàbá rẹ̀ lò. Àyè tó wà fún ìdí sì ṣófo fínnífínní.

Ìgbà tó wo déètì ọjọ́ kọkànlá ló káwọ́ lérí. Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ kú.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un, tí ó sì fi dàgbà, kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà, ló sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ìsìnkú: "Àbúrò mi dá kú sí ọsibítù ní ìdájí, bí ẹni tí kò léèyàn láyé. Ọkọ rẹ̀ sì wà létí odò, ó ń wọn omi." Wọ́n ti lọ béèrè ní ilé iṣẹ́ omi, ìwé ti jẹ́rìí: aago mẹ́fà ìdájí, 258. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó dorí kodò. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú ó tún lọ sí odò. Ìyá Àgbà mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sílé ara rẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbé títí ó fi tóbi. Àwọn ará àdúgbò ń pe bàbá rẹ̀ ní Bàbá Aago-Mẹ́fà, torí pé wọ́n ń fi í mọ àkókò tó bá ń kọjá lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni Ìyàtọ̀ ń lọ kí i. Ẹ̀bá àga ló máa ń jókòó sí. Kì í mu omi rẹ̀.

Ó mú pẹ́ńsù. Lórí àjákù ìwé kan, ó yí 231 sí 234. Ó yí 244 sí 239. Ó fi méjì kún ibí, ó yọ mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ó tún àtẹ náà ṣe, odò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí odò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀. Ọ̀gá Póìntì kò ní mọ̀. Fọ́tò yóò gun ògiri lọ́jọ́bọ̀.

Ó ká ìwé méjèèjì pọ̀ sínú àpò, ó sọ fún ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé orí ń fọ́ òun, ó jáde.

Bàbá Aago-Mẹ́fà wà lẹ́yìn ilé, ó ń sá ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sórí okùn. Ó ń fa ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà kó má bàa hunjọ.

"Ẹ káàsán, sà."

Ó yíjú padà. "Ìyá mi! Ṣé kì í ṣe pé ojú ń tàn mí? Oṣù kẹfà la wà yìí, oṣù kejìlá ni mo kọ orúkọ rẹ sí."

"Iṣẹ́ ló gbé mi wá."

"Iṣẹ́ kúkú ni. Èmi náà ò mọ ohun mìíràn tó ń gbé èèyàn kiri. Wọlé, jókòó. Má dúró bí agbowó-iná."

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀dì, tábìlì, àga méjì, rédíò kan tí kò pariwo. Ìyàtọ̀ kò jókòó. Ó tẹ́ àtẹ ìyàtọ̀ náà sórí tábìlì, ó dúró.

Bàbá náà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì níbi tí nọ́ńbà odò wà. Ìlà kẹta ló kọ́kọ́ wò, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó rí àwọn òdo. Ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ẹ̀kẹsàn-án, ó wá yọ awò náà.

"Ta ló tún ti rí i?"

"Èmi nìkan."

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Rárá."

"Ọdún mẹ́tàlélógún," ni bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Mo ní bóyá èkúté á ti jẹ ìwé yẹn."

"Ẹ ò lọ sí odò."

"Mi ò lọ."

"Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko."

"Ọjọ́ mọ́kànlá."

"Níbo lẹ wà?" Ohùn rẹ̀ ti ga ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Wọ́n sọ pé ẹ wà ní odò! Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ò jiyàn. Bí ẹ ò bá sí ní odò, tí ẹ ò sì sí lọ́dọ̀ màámi, níbo lẹ wà láago mẹ́fà?"

Bàbá náà fa àga kan, ó jókòó sí i.

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò sí lọ́dọ̀ màmá rẹ?"

Níta, omi ń kán láti ara ṣẹ́ẹ̀tì sórí páànù kan.

"Ìdájí ló ń bà á lẹ́rù," ni bàbá náà wí. "Ìrora yẹn kì í mú un lọ́sàn-án tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti di nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, á bẹ̀rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé lágbègbè ìgbà yẹn ni òun máa lọ. Ó sọ fún mi. Ó ní, 'Bàbá ọmọ mi, má jẹ́ kó bá èmi nìkan.' Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní ọsibítù yẹn, aago mẹ́fà wọ́n á lé gbogbo wa jáde. Mo lọ bá ọ̀gá wa ìgbà yẹn, mo ní kó fún mi láyè ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, 'Ṣé odò ń gba ìsinmi ni?' Kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á."

"Ẹ ò bá sì lọ kà á ní aago mẹ́jọ."

"Ìwọ tó o wà nínú iṣẹ́, o ń sọ bẹ́ẹ̀? Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń ṣí omi tí wọ́n sé lókè. Bí o bá dé ibẹ̀ láago méje, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ lò ń kà, kì í ṣe odò."

Ìyàtọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni.

"Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ òru. Obìnrin kúkurú kan báyìí, ó ní àpá lójú. Òun ló rí mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan tí mo dúró síbẹ̀ bí olè. Ó ní òun á máa ṣí ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ fún mi láago márùn-ún ààbọ̀, pé kí n ti jáde kí àwọn ti àárọ̀ tó dé. Ó ní, 'Bí wọ́n bá gbọ́, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn, mo sì lọ́mọ mẹ́rin.' Mo búra fún un."

"Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsìnkú—"

"Lọ́jọ́ ìsìnkú, kí ni kí n sọ? Kí n ní mo wà níbẹ̀? Wọ́n á ní ta ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n á ní ta ló wá ka odò. Ẹni méjì ni iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kí ìyá àgbà rẹ sọ tinú ẹ̀. Èèyàn rẹ̀ ló kú."

"Èèyàn tèmi náà ló kú!" Ìyàtọ̀ fọwọ́ gbá tábìlì. "Ẹ jẹ́ kí n kórìíra yín. Mi ò mu omi ilé yín láti ìgbà yẹn. Ẹ kàn ń wò mí!"

"Mo ń wò ọ́."

"Nọ́ọ̀sì yẹn ò ní wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ayé. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Mo múra láti wá bá ọ. Mo tiẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà rẹ lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó o ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, mo padà." Ó nu ojú awò rẹ̀ tí kò dọ̀tí. "Irọ́ dà bí bàtà tuntun, ìyá mi. Lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, á máa bù ọ́ jẹ. Bó bá yá, o ò ní rántí mọ́ pé o wọ bàtà. Ìgbà tí n ó sì fi ṣe bí ọkùnrin, o ti wọ ilé iṣẹ́ omi. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ nígbà yẹn, mo ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Ó di kó o yàn láàárín èmi àti ìwé ìjọba. Mi ò fẹ́ kó o yàn. Ohun tó o máa yàn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ìyàtọ̀ jókòó nígbà náà. Ó fa ìwé kejì jáde nínú àpò, èyí tó fi pẹ́ńsù ṣe, ó tì í sí iwájú bàbá rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Mo ti tún un ṣe. Mo fi mẹ́ta kún ibí, mo yọ márùn-ún níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Wọ́n á gbé fọ́tò yín kọ́. Ó tọ́ sí yín, ohun yòówù tí wọ́n bá fi yẹ́ yín sí, ó tọ́ sí yín."

Bàbá náà wò ó. Orí rẹ̀ wú díẹ̀ nítorí ọgbọ́n iṣẹ́ náà, Ìyàtọ̀ rí i lójú rẹ̀. Ó wá yí ìwé náà dojú dé.

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Àwọn nọ́ńbà yẹn kì í ṣe tèmi. Tèmi nìkan kọ́. Màmá rẹ ló ṣe wọ́n."

Ìyàtọ̀ gbé ojú sókè wò ó.

"Lọ́jọ́ kìíní, ó rí i pé ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ní, 'Odò lò ń rò.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé kí ni n ó kọ sínú ìwé báyìí? O mọ̀ pé tíṣà ìṣirò ni, kì í gbọ́ nọ́ńbà kó dákẹ́. Ó ní, 'Mélòó ló wà lánàá?' Mo ní 214. 'Lásìkò yìí, mélòó ló fi ń gòkè lóòjọ́?' Mo ní mẹ́jọ, mẹ́wàá. Ó ní, 'Kọ mẹ́sàn-án, kó má bàa sí ìjà.' Lọ́jọ́ kejì ó ní, 'Yọ ọ̀kan kúrò, kó di mẹ́jọ. Mi ò lágbára ìṣirò tó le.' Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ní gbogbo ìdájí, bí ìrora bá dé, á di ọwọ́ mi mú, á ní, 'Mélòó la wà lónìí?' A ó yọ ọ̀kan. Á fi ìyẹn gbọkàn kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀."

"Ẹ ò sọ fún un pé..."

"Mo sọ fún un! Mo ní, odò kì í rìn báyìí, ó ti jọ̀lọ̀ jù, ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yọ á mú wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Jẹ́ kó jọ̀lọ̀. Ó kéré tán, kí nǹkan kan jọ̀lọ̀ fún wa lọ́sẹ̀ yìí.'"

Bàbá náà fi àtàǹpàkò tẹ etí ìwé náà.

"Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ní, 'Ó ti kan òdo nìyẹn.' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kọkànlá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo bi í, 'Mélòó la wà lónìí?' Ó gbé ìka kan sókè díẹ̀, ó wá dojú ìka náà kọlẹ̀ báyìí. Mo ní, 'Dín ọ̀kan. 258. Ó ti ń fà.' Ó mi orí. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn lọ."

Ìyàtọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án, kò dá a lójú pé ó láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ ṣáá, ó ń dúró dè é.

Nígbà tó yá, ó ní, "Báírò pupa ni kó o fi kọ ọ́. Ó ti yẹ kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Wọn ò ní gbé fọ́tò kọ́ mọ́."

"Ògiri ò ní torí ẹ̀ wó."

"Kí ni n ó kọ síbi ìdí?"

Ó rò ó. "Kọ òótọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gùn, àyè ibẹ̀ ò fẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Póìntì ka ìwé náà lórí ìdúró. Nọ́ńbà mọ́kànlá wà níbẹ̀ ní pupa. Nínú àyè ìdí, Ìyàtọ̀ ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fa ìlà dé ìsàlẹ̀: *A fi ìṣirò kún un. Olùka wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń kú lọ.*

Ọ̀gá náà tún un kà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, kò béèrè póìntì mélòó.

"O mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ fi tó àwọn òkè létí."

"Mo mọ̀, sà."

"Wọ́n á ní ká má gbé e kọ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sábẹ́ ẹ̀ ti di irọ́."

"Ó mọ̀, sà."

"Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọjọ́ tó fi lọ síbẹ̀." Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ni. "Mọ́kànlá péré ni kò lọ." Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì jáde láìbojúwẹ̀yìn. Láìpẹ́, Ìyàtọ̀ gbọ́ tó ń sọ fún káfíńtà pé kó máa kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe parí, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló gbà lọ. Obìnrin arúgbó náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbó.

"Ta nìyẹn? Ìwọ ni? O ti rù. Gbogbo ẹran ara rẹ lò ń fi jin ìjọba."

Ìyàtọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi nọ́ńbà dà á láàmú. Ó sọ ti ìdájí, ti ilẹ̀kùn ibi ìfọṣọ, ti nọ́ọ̀sì tó ní àpá lójú.

"Irọ́ ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Irọ́ ló pa fún ọ. Ó fẹ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́ ni. Lẹ́yìn ọdún mélòó?"

"Kò mọ̀ pé mò ń bọ̀, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo lọ bá a."

"Àbúrò mi dá kú. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kí n wọlé. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó kàn..." Ó dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ.

"Ó kàn kí ni?"

"Àga kan wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Wọ́n fà á sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an, débi pé mi ò ráyè dúró. Mo bi wọ́n pé ta ló jókòó síbí. Wọ́n ní kò sẹ́nì kankan. Èmi fúnra mi ni mo gbé e padà sídìí ògiri."

Ìyá Àgbà tú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ká, ó tún ká a, ó tún tú u.

"Níwájú gbogbo ẹbí," ló wí. "Níwájú àwọn ọmọdé. Mo nàka sí i."

"Ẹ ò mọ̀."

"Mi ò béèrè. Ìwé ni mo lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò béèrè lọ́wọ́ èèyàn." Ó fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. "Bá mi wá bàtà mi."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, Ìyá Àgbà. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ojú yín sì ń—"

"Wá bàtà mi, ọmọ yìí! Mo ti ń jẹ́ kó di ọ̀la láti ìgbà tó o ti wà ní kékeré."

Wọ́n jáde. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ arúgbó ló ń wọ̀n ọ́n. Ó di apá Ìyàtọ̀ mú gírígírí. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dúró kí ó mí. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta tó ṣáájú ilé Bàbá Aago-Mẹ́fà, tí wọ́n ti ń rí iná yàrá rẹ̀ lójú fèrèsé, ó tún dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ gbéra mọ́.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" ló béèrè. "Ìwọ tó o kàwé, kí lèèyàn ń sọ?"

Ìyàtọ̀ wo fèrèsé náà.

"Mi ò mọ̀, Ìyá Àgbà. Mo wà lọ́dọ̀ wọn lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi náà ò tíì sọ tèmi."

Arúgbó náà mi orí díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún apá rẹ̀ dì mú, wọ́n sì jọ gbé ẹsẹ̀ sójú ọ̀nà.